Fèrè Inú Mọ́tò Bàbá Ìbejì

Nígbà tí Bàbá Ìbejì fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ìyàwó rẹ̀ rò pé yóò jókòó, yóò sinmi, yóò sì máa ka ìwé ìròyìn. Ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà yàtọ̀. Ó lọ ra mọ́tò asáré kan, pupa fòò, oníjòkòó méjì péré, tó relẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, yóò wá ká ara rẹ̀ bí ẹní kó tó rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tó ń di àga mú kó tó lè dìde ló ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìbejì jáde wò ó, ó kí ọkọ rẹ̀ kú oríire, ó sì padà sídìí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ.

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ́tò náà sá. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń lọ ṣáá. Bàbá Ìbejì, tí kò gbọ́ ọ rí nígbà tí wọ́n bá ní kó wá wo ẹ̀rọ omi tó ń jò nílé ìdáná, ló wá di elétí ajá lójijì. Bí mọ́tò bá bú ramúramù nígbà tó bá ṣíná rẹ̀ láàárọ̀, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí irin tó fi ń fún un níná, tí ẹ̀yìn mọ́tò wá ń dún pà-pà-pà bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò, ó di ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ìgbà kan wà tó fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì nítorí pé mọ́tò tó ti pa ṣì ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́ níta.

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì náà, òun náà sì ti gba orúkọ yìí bí ẹni gba oyè. Kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò kankan láìkọ́kọ́ dúró gbọ́ ọ, pẹ̀lú ojú dídì àti orí tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe onírẹ̀lẹ̀ èèyàn rárá. Bí ẹ bá fún un láyè, yóò sọ fún yín pé òun lè mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò láti orí fóònù, bí ẹni tó ni ín bá ti lè gbé fóònù náà mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Òun ló fi sùúrù kọ́ Bàbá Ìbejì. Ó ní mọ́tò asáré kì í dákẹ́, wọn kò ṣe é kó dákẹ́. Bíbú tó ń bú láàárọ̀, ara rẹ̀ tó tutù ló fẹ́ mú gbóná. Pà-pà-pà ẹ̀yìn rẹ̀, epo tó ṣẹ́kù ló ń jó nínú páìpù. Kẹ́-kẹ́-kẹ́, irin tó ti gbóná ló ń tutù. Bí bíréèkì bá ké díẹ̀ lówùúrọ̀ tó wá dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kó ké. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń kan gbà-gbà nínú ẹ́ńjìnnì bí wọ́n ṣe ń fún un níná, tàbí tí ẹsẹ̀ mọ́tò kan bá ń kùn tí ìkùn náà sì ń ga bí eré ṣe ń ga, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n pe òun.

Ìgbà yìí ni ìyà ilé bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, torí Bàbá Ìbejì di olùkọ́. Ẹni tó bá wá gba aṣọ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì kò ní lọ láìgbọ́ ìtumọ̀ pà-pà-pà. Obìnrin kan tó kàn wá wọn búláòsì dúró títí wọ́n fi ṣàlàyé bíréèkì tán fún un, ó sì dúpẹ́, torí ọmọlúàbí ni.

Gbogbo bí etí yìí ṣe mú tó, ohùn kan wà tí kò gbọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àyà Bàbá Ìbejì ti ń súfèé. Bó bá gun àtẹ̀gùn, bó bá bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà, fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, fíìì, fíìì, títí yóò fi jókòó tí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Lóru, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ láìto ìrọ̀rí lérí ara wọn. Ìyá Ìbejì ti tú ìbàdí ṣòkòtò rẹ̀ ó sì ti fẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà kò jẹun tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní aṣọ ló ń súnkì. Ó ń sọ èyí fún aránṣọ.

Ìyá Ìbejì mọ ohùn yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè é ní onífèrè, tí òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí di ọjọ́ tí kò sí ẹni tí wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ̀rù ń bani, yẹ̀yẹ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, bó bá fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lọ sọ́sibítù, yóò ní kó kúkú gbé ara rẹ̀ lọ bá Elétí kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Yóò ní ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, kó máa kú iṣẹ́. Èsì kan náà ni ọkọ rẹ̀ máa ń fún un: bí òun ṣe ń mí nìyẹn.

Ọjọ́ kan ni Bàbá Ìbejì wọlé pẹ̀lú ojú ẹni tó ti rí ọ̀tá rẹ̀. Ó ní mọ́tò ti ní ohùn tuntun. Fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí òun bá wọlé jókòó, tó bá sì ṣe díẹ̀ tí òun ti ń wà á lọ, á rọra dákẹ́. Ó dá òun lójú pé fánbẹ́ẹ̀tì ni, bẹ́líìtì tó ń yí fáànù, ara rẹ̀ ló tutù. Ìyá Ìbejì dá sísọ́ọ̀sì rẹ̀ dúró lórí aṣọ. Ó wo ọkọ rẹ̀ títí, ó wá ní òun máa bá a lọ, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí fánbẹ́ẹ̀tì náà.

Elétí kọ́kọ́ gbé mọ́tò náà yí àdúgbò ká ní òun nìkan. Ó padà, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá Ìbejì bínú, ó ní ṣé òun ń purọ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ká ara rẹ̀, ó wọlé, ó ṣíná rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí fèrè náà fi dé, fíìì, fíìì. Ó nàka sí iwájú mọ́tò, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni jàre lẹ́jọ́.

Elétí tẹ orí sí ojú fèrèsé, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Ó pa á. Fáànù ń fẹ́, ó dúró. Irin ń dún kẹ́, kẹ́, òun náà tán. Ohun tó kù ni fíìì, fíìì.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́ ọ. Elétí lajú, ó wo ilẹ̀.

“Bàbá, kò sóhun tó ń ṣe mọ́tò yín,” ó ní. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń dún.”

Bàbá Ìbejì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ikọ́ náà fi í sílẹ̀, ó ní bí òun ṣe ń mí nìyẹn.

Elétí ní, “Ohùn tí a bá lára mọ́tò, ìwà rẹ̀ ni. Èyí tó bá dé lẹ́yìn, àìsàn ni. Ṣé a bá èyí lára yín ni?”

Ọkùnrin náà yíjú sí ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Ẹ̀fẹ̀ mẹ́ta ló wá sí Ìyá Ìbejì lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ló sì dùn. Kò sọ ọ̀kankan.

“Ẹ kì í dún báyìí nígbà tí mo fẹ́ yín,” ó ní. “Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Ìbejì.”

“Mo rò pé o kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí.”

Wọ́n fi mọ́tò pupa sílẹ̀ níbẹ̀, torí kò tún sẹ́ni tó fẹ́ kí Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ wọ inú rẹ̀ mọ́. Elétí yá wọn ní mọ́tò tirẹ̀, ògbólógbòó kan tí gbogbo ara rẹ̀ ń dún àfi hóònù. Mẹkáníìkì tó ń gbọ́ ti gbogbo ayé kò ráyè gbọ́ ti ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì ló wà á, ó kọjú sí ọ̀nà ọ́sibítù. Ilẹ̀kùn ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń kùn, ìsàlẹ̀ ń kan gbà-gbà, kò sì bìkítà fún ọ̀kankan nínú wọn. Fèrè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń fetí wá láàárín ariwo náà. Fèrè tó ti ń bá jà láti ìgbà yìí wá, òun náà ló wá ń gbàdúrà pé kó má dákẹ́.

Níbi iná ojú pópó tó dá wọn dúró, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, kò sì gbọ́ fèrè mọ́. Ó yára yíjú. Ọkọ rẹ̀ jókòó gbọn-in, ó pa ẹnu dé, ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ó ń sé èémí rẹ̀ mọ́nú kí ìyàwó rẹ̀ má baà gbọ́.

“Ẹ mí,” ó ní. Ó gbé ọwọ́ lé e láyà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dún.”