Ipò Tó Tọ́ sí Kàdíjátù

"Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un! Ẹ pa á kó dún dáadáa!"

Ọ̀gá Ọláwuyì ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí èjìká Olúdayọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ ni Kàdíjátù, tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ó ń pa á lọ títí àwọn yòókù fi dákẹ́. Olúdayọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ gbẹ bí ẹnu ẹni tó ju gààrí gbígbẹ sẹ́nu.

Ohun tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde ni pé láti ọjọ́ náà lọ, Olúdayọ̀ ni olórí gbogbo àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ni, ní Ogudu, nílùú Èkó. Ètò tí àwọn ilé ìwòsàn aládàáni fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ni wọ́n ń ṣe. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá náà ló sì mọ̀ pé bí a bá ń wá ẹni tí ipò yẹn tọ́ sí, a ò ní wá a kọjá ẹ̀bá fèrèsé.

Kàdíjátù ló kọ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ni Olúdayọ̀ kà ní yunifásítì. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Ogudu, ohun tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò tó nǹkan. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ ni Ọ̀gá Ọláwuyì, ìjọ kan náà ni wọ́n ń lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í. Kàdíjátù ló fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, tó ní, "Dayọ̀, má da ara rẹ láàmú. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí iṣẹ́ mọ́. Máa wá sọ́dọ̀ mi, kí n fi hàn ọ́."

Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ló fi ń kọ́ ọ. Nígbà tí ààwẹ̀ Ramadáànì dé, Olúdayọ̀ rò pé Kàdíjátù yóò sinmi. Kò sinmi. Ètè rẹ̀ gbẹ, Olúdayọ̀ ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà níwájú rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà: "Wo ìlà yìí. Kí lo rò pé ó ń ṣe? Má sọ fún mi pé o ò mọ̀. Rò ó." Nígbà tí Olúdayọ̀ fẹ́ gbé oúnjẹ pamọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Jẹun, jàre. Èmi ni mò ń gbààwẹ̀, ìwọ kọ́."

Nígbà tí ìpàdé tú ká, Olúdayọ̀ tẹ̀ lé ọ̀gá wọ ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Àmọ́ Àǹtí Kàdíjátù ńkọ́, sà?"

"Kàdíjátù kẹ̀? Abiyamọ tó jẹ́ pé bí iṣẹ́ bá ti parí báyìí, ó ti sáré lọ mú ọmọ níléèwé? Ṣé ẹni tí a ó fi ṣe olórí nìyẹn? Tó bá tún lóyún lọ́la ńkọ́?"

"Èmi náà bímọ, sà. Ìyàwó mi sì tún wà nínú oyún."

"Ṣé ìwọ lo máa bí i ni?" Ọ̀gá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ni ẹ́, Dayọ̀. Inú bàbá ẹ á dùn. Lọ sọ fún ìyàwó ẹ."

Yàrá kan ni Olúdayọ̀ àti Bísí, ìyàwó rẹ̀, ń gbé ní Ketu. Bí òjò bá rọ̀ lóru, wọn a dìde, wọn a máa gbọ́n omi síta. Nígbà tí Bísí gbọ́ ìròyìn náà, ó gbé Fúnmilọ́lá ọmọ wọn pọ̀n, ó sì ń jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. "A ó kó kúrò níbí! Ọlọ́run, a ó kó kúrò níbí!" Ìgbà tó yíjú padà ló rí i pé ọkọ òun kò jó.

"Dádì Fúnmi, kí ló dé?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé o jí ipò náà gbé ni?" Bísí béèrè.

"Mi ò jí i."

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n má fún un?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé tó o fi ń fara ti ògiri bí ẹni tí ọlọ́pàá ń wá?"

"Torí mo mọ ẹni tó ni ín. Bísí, tí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, wọn ì bá ti lé mi lọ tipẹ́. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń yìn mí, òun ló kọ́ mi."

Bísí sọ ọmọ kalẹ̀, ó jókòó. "Látìgbà tó ti ń kọ́ ọ, ṣé o ti délé rẹ̀ rí láti lọ dúpẹ́?"

"Mi ò débẹ̀ rí."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Tó bá di Sátidé, a jọ ń lọ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ya ọjà Mile 12, wọ́n ra ọ̀pẹ̀yìnbó àti ọsàn, wọ́n sì gba Ìkòsì lọ. Ilé ẹbí ọkọ Kàdíjátù ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé, ilé àtijọ́ tó gbòòrò. Ìyá ọkọ rẹ̀, Alájà Suwebat, ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń ka tẹ̀sùbáà. Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó dárúkọ ara rẹ̀. Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n gbé ipò ìyàwó mi fún?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o wá yọ ṣùtì sí wa ni?"

"Rárá o, mà. A wá dúpẹ́ ni."

Màmá wo ọsàn, ó wo ikùn Bísí, ojú rẹ̀ rọ̀. "Ẹ dìde. Ẹni tó bá wá yọ ṣùtì síni kì í ru ọsàn wá. Kàdíjá! Jáde wá, o lálejò!"

Kàdíjátù jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún fún ọṣẹ. Kó tó sọ̀rọ̀, Bísí ti kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ ò mọ̀ mí. Èmi nìyàwó Dayọ̀. Oúnjẹ tí à ń jẹ, ọwọ́ yín ló ti ń wá. Ó ti yẹ ká ti wá kí yín tipẹ́, a ò wá. Ẹ má bínú. Ẹ ṣé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí oore yín gbé."

Kàdíjátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Aláboyún kì í kúnlẹ̀ pẹ́."

Nígbà tí wọ́n jókòó tán, ó bá Olúdayọ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Kì í ṣe àkọ́kọ́. Kó o tó dé, wọ́n ti fún ẹlòmíràn rí, ìyẹn ò sì mọ nǹkan kan. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún tẹ́rùn."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pàtẹ́wọ́, Àǹtí?"

"Torí pé ìwọ mọ iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Tí mi ò bá pàtẹ́wọ́ fún ẹ, iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni mò ń bú."

Olúdayọ̀ bojú wolẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé kí òun kọ ipò náà ló máa jẹ́ kí wọ́n fún un, òun á kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé. Kàdíjátù mi orí. "Tó o bá kọ̀ ọ́, wọ́n á lọ mú ẹlòmíràn wá láti ìta. Jókòó síbẹ̀. Èmi ti ń wáṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Mende tí wọ́n ń wá olórí fún àwọn tó ń kọ ètò. Mo ti ṣe ìdánwò wọn. Ó kù kí wọ́n pe Ogudu, kí wọ́n béèrè bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá kàn ọ́, òótọ́ ni kó o sọ. Mi ò bẹ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ."

Kò pẹ́ tó fi kàn án. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Ọláwuyì ránṣẹ́ pè é, ó sì ní kó ti ilẹ̀kùn.

"Àwọn ará Mende pè mí nípa Kàdíjátù. Mo ní ìwọ lọ̀gá rẹ̀, kí wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀. Wọ́n á pè ọ́ báyìí. Sọ fún wọn pé kì í jókòó ti iṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ ọmọ kì í jẹ́ kó ráyè. O gbọ́?"

"Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Tó bá lọ, ta ló máa mójú tó ètò yìí? Ṣé ìwọ nìkan lè ṣe é ni?"

Olúdayọ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ mọ̀ pé ó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, sà, ẹ ò sì fún un ní ipò?"

"Òpó tó gbé ilé dúró, ta ni í fà á tu kó lọ fi ṣe ọ̀ṣọ́ ìloro?"

Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni fóònù Olúdayọ̀ dún. Ọ̀gá ní, "Jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, kí èmi náà gbọ́."

Obìnrin kan ló wà lórí fóònù, ó ní orúkọ òun ni Olúrántí. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè bóyá Kàdíjátù mọ iṣẹ́. Olúdayọ̀ ro Bísí tó ń jó yí bẹ́ẹ̀dì ká. Ó ro ọmọ tó ń bọ̀.

"Ó mọ̀ ọ́n, mà," ló wí. "Òun ló kọ ètò tí gbogbo wa fi ń jẹun níbí. Kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, òun ló kọ́ mi níṣẹ́."

Olúrántí tún béèrè. "Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìwọ ni ọ̀gá rẹ̀?"

"Wọ́n fi mí ṣe é ni, mà. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ."

Nígbà tí ìpè náà parí, Ọ̀gá Ọláwuyì ò tilẹ̀ pariwo. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn ló sì ba Olúdayọ̀ nínú jẹ́ jù. "Ṣé bí o ṣe máa san oore fún mi nìyí? Èmi tí mo gbà ọ́ síṣẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́?"

Olúdayọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà. Ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, títí láé ni n ó máa dúpẹ́. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ má fi irọ́ gba ọpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Jáde."

Ó jáde. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ti gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò lé e, torí pé Kàdíjátù ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́lòmíràn tó mọ inú ètò náà. Òun àti Bísí ò kó kúrò ní Ketu. Nígbà tí òjò rọ̀, wọ́n gbọ́n omi síta bí wọ́n ti ń ṣe. Bísí ò fi ọ̀rọ̀ ipò náà gún un lára rí. Lálẹ́ ọjọ́ tó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ tí mo fẹ́ bí yìí á jọ ẹ́. Àmín."

Ọkùnrin ló bí. Alájà Suwebat fúnra rẹ̀ wá láti Ìkòsì pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, àdí àti aṣọ òtútù, ó sì wúre fún ọmọ náà títí ó fi sùn lọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ yìí ò ní ríbi," ni Màmá ń wí. "Bàbá rẹ̀ sọ òótọ́ nípa ìyàwó mi nígbà tí irọ́ ì bá gbè é."

Kàdíjátù ti di olórí ní Mende nígbà náà. Lẹ́yìn ìkómọ ló pe Olúdayọ̀ lórí fóònù. "Dayọ̀, àyè ti ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí mo bá ti lè dárúkọ rẹ báyìí, ó parí."

Inú Olúdayọ̀ dùn débi pé ó dìde dúró. Ó tún jókòó.

"Àǹtí, ẹ ṣé. Ọlọ́run á túbọ̀ gbé yín ga. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe gbà mí ní Ogudu nìyẹn. Bàbá mi ló dárúkọ mi. Títí dòní, tí ẹnìkan bá yìn mí, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń yìn tàbí bàbá mi. Ẹ kéde iṣẹ́ náà síta. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe wá. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ̀ mí dán wa wò."

"O lè má rí i gbà o."

"Mo mọ̀."

"Ṣé Bísí gbọ́ ohun tí ò ń sọ ṣá?"

Bísí, tó ti na etí sún mọ́ fóònù látìgbà náà, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo gbọ́, Àǹtí. Orí rẹ̀ ò yí. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò bí ọmọ èèyàn."

Kàdíjátù rẹ́rìn-ín, ó sì kéde iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ ìdánwò, èrò kún yàrá. Olúrántí ló bójú tó o, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ sórí iṣẹ́ tó ṣe. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Labeebah, tó wá láti apá Owódé Onírin, ló ṣe dáadáa jù. Olúdayọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbà.

Kí Olúdayọ̀ tó lọ, ó wọlé lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Ọláwuyì. Ọkùnrin náà ò gbójú sókè, àmọ́ ó na ọwọ́, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ní Mende, Kàdíjátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olúdayọ̀ fi ìka kan ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi."

Kàdíjátù wò ó pẹ́.

"Káàárọ̀, Dayọ̀," ló wí. "Wọlé wá. Àga rẹ nìyẹn."