Àmín Fàtíù àti Ẹja Àbùùbùtán

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìkátẹ̀, etí mi sì ti bá iṣẹ́ náà lọ. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹni tó bá bá mi sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́, "Àmín" ni mo máa ń dá a lóhùn. Àdúrà ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn èèyàn wa, ó sì sábà máa ń bọ́ sí i.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń ké, kò sí àìsàn rẹ̀ tí mi ò ní mọ̀. Ìyẹn ló gbé Dókítà Ọlákẹ́mi wá láti ẹ̀sìtéètì wọn. Ó ń ṣèwádìí ẹja àbùùbùtán, ẹja tó tóbi ju ilé mi lọ. Ó ti ri ẹ̀rọ sínú òkun láti gba ohùn sílẹ̀, ó wá ki íapíìsì bọ̀ mí létí.

"Ọ̀gá Fàtíù, ẹ bá mi mọ àwọn ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀!"

"Ọkọ̀ òkun ńlá nìyí, bẹ́arìnì rẹ̀ ti jẹ. Èyí, wọ́n ń gbá òpó irin wọlẹ̀. Ó parí."

"Ẹja náà ńkọ́?"

"Ẹja wo?"

Ó mí kanlẹ̀, ó wá lọgun sí mi létí pé ẹja náà wà níbẹ̀, ó ń pe ẹnìkejì rẹ̀. "Tí ariwo bá pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ké jù ú lọ. Tó bá sú wọn, wọ́n á dákẹ́. Akọ ò ní rí abo mọ́, wọ́n á sì máa dín kù!"

Àyà mi já. Ó ti tó oṣù méjì tí Mùínàt ìyàwó mi ò ti pariwo mọ́ mi. Mo tilẹ̀ ti ṣe sàráà àkàrà ní mọ́sálásí nítorí sùúrù tí Ọlọ́run fún un! Ẹni à ń bá nájà là ń wò, a kì í wo ariwo ọjà. Èmi, ariwo ọjà nìkan ni mo ń gbọ́.

Mo sáré délé, mo pa jẹnẹrétọ̀ abẹ́ fèrèsé wa. Mùínàt já síta.

"Ta ló kú?"

"Etí mi ni. Mùínàt, kí lo ti ń bá mi sọ?"

Ó sún mọ́ mi. "Bàbá Waliyat, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ pé tẹ́ ẹ ò bá gbé jẹ̀n yìí kúrò níbí, mò ń lọ sílé ìyá mi ní Awoyaya ní Sátidé. Ẹ ní àmín!"

Mo yọjú wo ilé ìdáná. Ìkòkò kan ṣoṣo ló kù. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí. Èmi nìkan ni mo wọ́ jẹnẹrétọ̀ náà dé ẹ̀yìn ọgbà, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Ó ń wò mí. Ó sọ nǹkan kan. Àmín ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

"Jọ̀ọ́, tún un sọ."

"Mo ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣi ara wa gbọ́ títí a ó fi dàgbà."

"Àmín," ni mo wí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.