Ìkúnlẹ̀ Níwájú Kọ̀ǹpútà

Àwọn ará àdúgbò Agoè fi Ìdíátù ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà? Ọdún méjì gbáko ló fi ka ìwé dìgírì kejì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nípa ìṣàkóso ilé-ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Nítorí Yésúfù bàbá rẹ̀ ni. Ọlọ́pàá mú bàbá aláṣọ yìí, fáìlì ẹjọ́ rẹ̀ sọnù, ó sì lo oṣù mọ́kànlá látìmọ́lé láìfojú kan adájọ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ìdíátù, lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé èèyàn." Kò pẹ́ tó fi kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Ìdíátù ṣàlàyé ìwádìí rẹ̀, olùkọ́ mẹ́ta ló ń wò ó láti inú kọ̀ǹpútà. Èyí tó dàgbà jù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi èdè Faransé kí i kú oríire.

"Félicitations, madame. Ẹ ti yege."

Kí Ìdíátù tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gba ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu àgbà lórí ìdúró. Àga òfìfo nìkan ni àwọn olùkọ́ ń wò.

"Madame? Ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ló lọ ni?"

Ó ń gbọ́ wọn. Kò kàn lè dìde ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé, tó bá kúnlẹ̀ báyìí fún un, ọwọ́ bàbá ló máa ń kọ́kọ́ bà lé e lórí, àdúrà á tẹ̀ lé e, kí bàbá tó wá ní, "Dìde, ọmọ mi."

Ìdíátù tẹrí ba, ó ń dúró de ọwọ́ náà.