Òkú Tí A Fi Koríko Hun

"Dúró ṣinṣin. Ṣé èèrà ń jẹ ọ́ ni?"

Kotilingam dúró. Suryakantamma, ìyá arúgbó tó ni ilé, na ọwọ́ sókè tipátipá, ó fi òwú funfun kan lé e láàárín orí, ó sì jẹ́ kí òwú náà wálẹ̀ títí dé gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó fi eyín já a, ó ta á ní kókó, ó sì tì í bọ ìdí aṣọ rẹ̀. Ó ní ẹ̀wù lòun fẹ́ rán fún un. Kotilingam fẹ́ béèrè irú ẹ̀wù wo ló ń gùn láti àtàrí dé gìgísẹ̀, ṣùgbọ́n Badri, ọ̀gá àwọn oníjà fíìmù, ti ń pè é láti òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì.

"Kotilingam, dé irun ẹ kó o máa bọ̀. Oòrùn ò ní dúró de bàbá ẹnikẹ́ni."

Ó dé irun àtọwọ́dá tó jọ ti gbajúmọ̀ òṣèré wọn, ó wọ ẹ̀wù tó jọ tirẹ̀, ó gun òkè, ó sì fi ẹ̀yìn já bọ́ sórí páálí tí wọ́n tò sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ẹ̀rù bá ti ń ba òṣèré ńlá, Kotilingam ni í já bọ́ níbẹ̀. Àìmọye ènìyàn ti pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀yìn orí rẹ̀ nínú sinimá, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ojú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń ké báyìí nígbàkígbà tó bá dìde.

Fíìmù náà pa ni lẹ́rìn-ín. Olè kan wọ ilé olówó, ó ní òun lọmọ wọn tó sọnù. Wọ́n gbà á gbọ́, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń lu àwọn ọ̀tá ìdílé ní àlùbolẹ̀. Torí òpó igi tí wọ́n fi ọgbọ́n gbẹ́ ni wọ́n ṣe wá yá ilé àtijọ́ yìí ní Konaseema, ní ilẹ̀ Íńdíà, láàárín igi àgbọn àti odò lílà tí wọ́n gbẹ́ gba oko. Ẹni tó bá wọn wá ilé kò sọ fún wọn pé ilé náà ní ọmọ tirẹ̀ tó sọnù lóòótọ́. Ẹ ò rí nǹkan.

Abbulu ni wọ́n ń pè é. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ kí ọ̀rẹ́ òun ní Rajahmundry, àlọ ìyẹn la rí. Wọn ò rí i, wọn ò rí òkú rẹ̀. Ọdún kejìlá ló pé yìí, àwọn àgbà sì ti là á sílẹ̀ tipẹ́: bí ẹni tó sọnù bá pé ọdún méjìlá tí a kò gbúròó rẹ̀, kí wọ́n fi koríko hun ènìyàn, kí wọ́n gbé e lọ sí etídò, kí wọ́n sì dáná sun ún bí ẹni ń sun òkú, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè rọ́nà lọ, kí ìyàwó rẹ̀ sì mọ ibi tí òun dúró sí. Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni sọnù lọ.

Kotilingam mọ gbogbo èyí, nítorí inú ilé ló ti ń jẹun. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni ìyá náà ti ń yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn tó ń jẹ oúnjẹ ìkòkò ńlá lábẹ́ àtíbàbà. Ó ń tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un, á bu ìrẹsì sí i, á fi ọbẹ̀ ìṣápá lé e. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló fi ata tútù kan tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ náà. Bẹ́ẹ̀ ni Kotilingam ṣe ń jẹ ẹ́ láti kékeré, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ajá ilé, tó ti gé dírẹ́kítọ̀ pàápàá jẹ, wá gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sùn.

"Jẹun, Abbulu."

"Ìyá, Kotilingam ni mí."

"Mo gbọ́. Jẹun."

Ó tún un sọ bí ìgbà mélòó kan, nígbà tó yá ó fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ó ń dùn mọ́ ọn. Ọjọ́ tí ìyá tirẹ̀ kú ní Srikakulam, orí ọkọ̀ rélùwéè ló ti ń já bọ́ nínú fíìmù kan. "Parí èyí ná," ni ọ̀gá wí. Nígbà tó máa fi délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tanná sí igi òkú ìyá wọn, eérú ló bá. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn títí dòní, kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ìkẹyìn, tí wọ́n ń di ẹrù sí bọ́ọ̀sì fún ìrìn àárọ̀ ọjọ́ kejì, Vasundhara, ìyàwó Abbulu, ké sí i lẹ́yìn ilé ìdáná. Obìnrin náà kì í sábà sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan kẹ́ ẹ tó lọ."

Ó ṣí yàrá tí wọ́n ń kó àgbọn sí. Lórí pákó kan, ènìyàn koríko dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n fi ewé bò ó láyà, wọ́n fi odidi àgbọn ṣe orí fún un. Òwú funfun kan lọ láti àtàrí rẹ̀ dé gìgísẹ̀, ó sì ní kókó.

Kotilingam sún mọ́ ọn. Kò nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n fún òun. Ibi tí èjìká òun mọ, ibẹ̀ ni èjìká ohun náà mọ.

"Èmi nìyí," ló wí.

"Ẹ̀yin ni. Ọkọ mi ò ga tó yín. Orí rẹ̀ ò kọjá èjìká yín."

"Ìyá gbàgbé ni?"

"Ìyá wo ló ń gbàgbé ìyẹn? Wọ́n mọ̀." Vasundhara fi ìka kan àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. "Ní tèmi, mo fẹ́ kí iná náà jó. Ojoojúmọ́ ni mò ń kun àmì pupa obìnrin ilé ọkọ síwájú orí nítorí ẹni tí kò sí. Bí ó bá ti jó báyìí, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Kakinada ló yá. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì dí ibi tí mo bá kúrò láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tí mo fi pè yín nìyẹn. Ẹ lọ bi wọ́n."

Suryakantamma jókòó lójúde àgbàlá, ó ń fẹ́ ìrẹsì. Kò gbójú sókè.

"Vasundhara ti mú ọ débẹ̀," ló wí. "Mo mọ̀ pé á mú ọ débẹ̀. Ọmọ dáadáa ni."

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé èmi kọ́ ni Abbulu."

"Ìwọ lo bí Abbulu ni, àbí èmi?" Ó ṣa òkúta kan sọnù. "Abbulu ti kú. Láti ọdún tó jáde nílé gan-an ni mo ti mọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmú mi kan gbẹ, ó tutù báyìí, mo ní ó parí. Ṣé o rò pé orí mi dàrú ni?"

"Kí lẹ wá ń pè mí bẹ́ẹ̀ sí?"

"Mi ò wá ọmọ tó sọnù mọ́. Ẹni tó máa tanná sí èmi ni mò ń wá. Gavarraju àbúrò ọkọ mi ló kù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ewé, á tún ṣáájú mi ni. Bí n bá kú láìlọ́mọ tó máa tanná, ta ni yóò fi ìrẹsì fún kannakánná kó lè dé ọ̀dọ̀ mi? N ó máa jẹ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Kotilingam lóṣòó síwájú rẹ̀. "Ìwọ̀n tèmi tí ẹ mú wá ńkọ́?"

Nígbà náà ni ìyá náà wò ó. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ìyẹn ló tilẹ̀ bani lẹ́rù jù.

"Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ mi, èyí tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kú. Mi ò ní òkú Abbulu lọ́wọ́. Tìrẹ ni mo ní. Ìyàwó ọmọ mi á gba òmìnira lórí rẹ̀, èmi náà á gba ọmọ. Iná kan náà ni." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ìrẹsì. "Mi ò so ọ́ lókùn o. Bọ́ọ̀sì yín ń lọ lọ́la. Bí o bá lọ, mi ò ní ṣépè."

Kò sí ọmọ ilẹ̀ wọn tí kò mọ ohun tí ìyá náà ń béèrè. Ẹni tó bá tanná sí òkú kì í lọ ilé ẹlòmíì. Wọ́n á fá orí rẹ̀, á jókòó sórí ẹní nínú ilé òkú, kò sẹ́ni tí yóò fara kàn án, á máa gbé ìrẹsì fún kannakánná láràárọ̀ títí ètò á fi parí. Lọ́dọọdún ni yóò tún máa padà wá ṣe é. Òun lọmọ, ó tán.

Kotilingam sun ìdajì oorun. Kò dá a mọ̀ bóyá òun ń bínú ni tàbí inú òun ń dùn. Ó ń gbọ́ tí àwọn ọmọ fíìmù ń ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ẹnì kan ń sín bí òṣèré ńlá náà ṣe ń bẹ̀rù gíga jẹ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni máa ya nífun. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí òun wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé koríko náà lọ sí etí odò lílà. Ọkùnrin nìkan ló ń lọ. Àwòrò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí wọ́n tò, ó béèrè ẹni tó máa tanná. Gavarraju sún síwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kotilingam gbà á lápá jẹ́jẹ́, ó dá a dúró, ó sì lọ jókòó níwájú onígbàjámọ̀. Irun orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, irun imú rẹ̀ bọ́ tẹ̀ lé e.

"Ta ni ọ́ sí òkú?" àwòrò bi í.

"Ọmọ Suryakantamma ni mí."

Àwòrò wo Gavarraju. Gavarraju ń wo omi. Àwòrò pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

Iná mú koríko náà wéré. Kotilingam dúró tì í, ó ń wo bí èjìká ṣe ń jó, tí ẹsẹ̀ tó gùn tó tirẹ̀ ń ká kò, ara rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àgbọn náà fọ́ pẹ̀lú ariwo, ìrora ta á láti àtàrí dé ọrùn, ó sì lọ. Ó wọ odò, ó rì sínú omi, ó jáde. Kò wẹ̀yìn wò, nítorí wọn kì í wẹ̀yìn wò.

Nílé, wọ́n tẹ́ ẹní fún un lójúde. Vasundhara jáde pẹ̀lú àpótí kan, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo, iwájú orí rẹ̀ mọ́. Ó dúró díẹ̀ níwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba, ó sì wọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dúró.

Kò pẹ́ tí alùpùpù kan fi já wọ ẹnu géètì. Badri ni, ó ń làágùn, inú ń bí i. Ó wo ọkùnrin tó fárí, tí kò ní irun imú, tó jókòó sórí ẹní nínú aṣọ funfun tútù, ó sì yára bọ́ bàtà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu lórí ọ̀fọ̀. Ọmọ iṣẹ́ wa kan la ń wá. Kotilingam lorúkọ rẹ̀. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló ń dúró dè é."

Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Kotilingam wojú rẹ̀, ó dúró dè é, kí ojú náà lè yí padà bí ẹni tó dá òun mọ̀. Badri kàn ń fọwọ́ nu òógùn ni, ó ń dúró gba èsì.

Lẹ́yìn Kotilingam, ìyá arúgbó náà ti jáde wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo mọ̀ ọ́n," Kotilingam wí. "Ó ti kọjá ní etí odò láàárọ̀ yìí. Ẹ máa lọ, ẹ má dúró dè é mọ́."