Ìdì Kẹfà Nínú Àjà Ilé Òyìnbó

Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń pe bàbá Ojúọlápé ní olè. Nígbà ogun Hítílà, Àkànjí bàbá rẹ̀ ni ìránṣẹ́ tó ń gbé ìwé àṣírí lọ sí ilé kan ní Ìkẹjà, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń tú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀tá da lẹ́tà ABD rẹ̀ rú kí ẹlòmíràn má lè kà á. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìdì mẹ́fà lọ. Wọ́n ní márùn-ún làwọn rí, pé ó ti ta ìkẹfà. Ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ní báyìí ó dùbúlẹ̀ sí Agége, kò lè dìde mọ́, àwọn ẹbí sì ti ránṣẹ́ láti Èkìtì pé àwọn kò ní sin olè sínú ọgbà ìdílé.

Lọ́dún kejì tí alágbádá gba ìjọba, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé Ìkẹjà náà ṣe. Ojúọlápé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣínà, lọ gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń ru yanrìn, nítorí bàbá rẹ̀ ti búra pé ìdì náà kò jáde nínú ilé yẹn rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, káfíńtà yọ pákó àjà, àpótí irin kan já lulẹ̀. Ìdì ìwé kan ló kún inú rẹ̀, wọ́n to lẹ́tà ABD sínú ìwé náà ní márùn-ún márùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ níbẹ̀. Gbénró, fóómàn wọn, tó tún jẹ́ wòlíì ní ìjọ aláṣọ funfun, wò ó, ó sì bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwé òkùnkùn ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ títí a ó fi sun ún."

Ojúọlápé ti rí ohun tí wọ́n kọ sókè ìdì náà: 6, AKANJI. Ó ti lé ní ogójì ọdún kó tó mọ̀wé kà ní kíláàsì àgbà, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ.

"Wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ bàbá mi nìyí. Lẹ́tà lásán ni ìyókù."

"Ẹ kà á ká gbọ́, Ìyá Ṣínà. Ṣebí ẹ ti di tíṣà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó kà á. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ó ń so lẹ́tà pọ̀ sókè bí wọ́n ti kọ́ ọ: "Korab. Umfis. Dorik." Bí ẹ̀mí ṣe máa ń fọ èdè lẹ́nu àwọn aríran ní ìjọ wọn gẹ́lẹ́ ló rí. Kó tó ka ìlà kẹta tán, káfíńtà ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ta lẹ ń pè?" Gbénró bi í, ó ń fà sẹ́yìn.

"Mi ò pe ẹnìkankan. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kà á."

Wọ́n ti da kẹrosíìnì sórí ìwé náà, wọ́n sì ṣáná sí i. Ojúọlápé ki ọwọ́ ọ̀tún bọ iná. Èèyàn méjì ló dì í mú níbàdí kí wọ́n tó rí i fà sẹ́yìn. Ewé kan ṣoṣo ló rí yọ, lẹ́tà nìkan ló sì wà nínú rẹ̀.

Ní Agége, bàbá rẹ̀ fi ìka wọ́ ewé náà jẹ́jẹ́.

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ó ti jóná, Bàámi."

"Ṣé ìwọ rí i?"

"Mo fi ojú mi méjèèjì rí i."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ará Èkìtì, kí n tó lọ."

Ọwọ́ ọ̀tún Ojúọlápé ti wú nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ó fi ọwọ́ òsì mú bírò, ó ṣí ìwé kíláàsì rẹ̀. Èmi Ojúọlápé, ọmọ Àkànjí, mo rí i. Àwọn lẹ́tà náà tóbi, wọ́n wọ́, bíi ti ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé kíláàsì. Lórí ibùsùn lẹ́yìn rẹ̀, èémí bàbá ń já, ó ń so, Ojúọlápé kò sì tíì kọ ọ́ dé orí ìdì kẹfà.