Okùn Iwájú Ilé Rourke

3.

…ó sì fa okùn náà láti òpó ìloro ilé rẹ̀, ó gbé e sọdá títì, ó so ìdí rẹ̀ mọ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá fà á wò, bí ẹni ń dán ìdẹkùn wò.

Dagny Sletten rí i láti inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò sọ̀kalẹ̀. Kò béèrè.

Àlejò ni ọkùnrin náà, Anselm Rourke, atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ìgbà ooru ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé dókítà àtijọ́ ní Vinje.

Kí lèèyàn fẹ́ fi okùn tó gùn tóyẹn mú?

————————————————————

4.

ÌRÒYÌN AGBÈGBÈ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ VINJE, ÀRÍWÁ DAKOTA
(lára ògiri ilé ìtajà)

Èédú ìgbà òtútù ti dé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ṣọ́bìrì kó o wọlé.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìbọ̀sẹ̀ mìíràn wá. Ẹ kọ orúkọ sí i. Àwọn tẹ́ ẹ gbàgbé lọ́dún tó kọjá ṣì wà lọ́dọ̀ wa, wọ́n ti ń rùn.

ILÉ ÌSÁDI. Ẹ̀yin ará oko, bí ìjì yìnyín bá ká àwọn ọmọ mọ́ kíláàsì, bọ́ọ̀sì kò ní gbéra. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sùn sí ilé tí a yàn fún un nínú ìlú. Màmá Haugen, tó ń gba Maren Sletten tẹ́lẹ̀, ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Rourke ni Maren yóò máa lọ.

5.

Maren. Ọmọ kan ṣoṣo tí Dagny bí.

6.

Lórí fóònù. Wáyà kan ló so gbogbo ilé ojú ọ̀nà oko náà pọ̀; ẹni tó bá gbé tirẹ̀ á gbọ́ ti ẹlòmíràn.

DAGNY: Ta ló yan àwọn yẹn fún ọmọ mi?

BERNICE, akọ̀wé ilé-ẹ̀kọ́: Àwọn fúnra wọn ló wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ọmọ.

DAGNY: Ṣé o gbọ́ ohun tó o sọ? Wọ́n FẸ́ gba ọmọ.

BERNICE: Dagny, Màmá Haugen náà fẹ́ gba ọmọ.

DAGNY: Màmá Haugen ti ń bá wa kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ṣì ní eyín ara wọn. Ìyàwó eléyìí kì í dáhùn bí wọ́n bá kí i.

OHÙN KẸTA: Wọ́n sì ra bẹ́ẹ̀dì kékeré. Mo rí i.

DAGNY: Àǹtí Myrtle, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀.

MYRTLE: Mi ò sí níbí.

7.

Ohun tí Dagny rí bó ṣe ń wakọ̀ kọjá:

Bàtà ọmọdé, aláwọ̀ búlúù, lójú fèrèsé wọn. Wọn ò bímọ.

Odile, ìyàwó Rourke, juwọ́ sí i. Dagny wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń juwọ́ sí.

Okùn.

Okùn.

8.

Ìwé pélébé kan nínú àpótí lẹ́tà Dagny:

*Ìyá Maren, ẹ kú ìmúra òtútù. Kí ni ọmọ yín máa ń jẹ lálẹ́? Ṣé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn? — A. Rourke*

Kí ló fẹ́ fi ẹ̀rù ọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Kò fèsì. Lọ́sẹ̀ yẹn, Rourke ra àtùpà.

9.

Ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sára ìgò.

10.

ÌPÀDÉ ÌGBÌMỌ̀ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ìyáàfin Sletten ní kí wọ́n tú okùn iwájú ilé Rourke kó tó gbé ọmọ ẹnì kan ṣubú.

Ọ̀gbẹ́ni Rourke ní nítorí ìjì ni òun ṣe ta á.

Bàbá Orville Bakke dìde. Wọ́n ní irú okùn bẹ́ẹ̀ ni bàbá àwọn máa ń ta láti ilé dé ibùjẹ ẹran, kí èèyàn má baà sọnù sínú yìnyín lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀.

Ẹnì kan ní, "Bàbá, iná mànàmáná ti dé." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

A fẹnu kò: kí ó tú u.

————————            ————————

11.

Nídìí tábìlì.

"Bí ìjì bá dé, má bá ọkùnrin yẹn wọlé."

"Tíṣà á ní kí n bá wọn lọ."

"Bá wọn dé ẹnu ọ̀nà. Sọ pé o gbàgbé ìbọ̀wọ́ rẹ, kó o sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀. Jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná, màá wá bá ọ."

"Màmá, kí ni bàbá yẹn ṣe?"

"Jẹun."

12.

RÉDÍÒ

…gbogbo ọ̀nà ti dí. Vinje: bọ́ọ̀sì kò ní gbéra. Kí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìsádi wọn. Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jáde…

13.

                    funfun

14.

DAGNY: Ẹ pe ọmọ mi fún mi.

ROURKE: Ìyá Maren? Mo mú un láti ilé-ẹ̀kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun gbàgbé ìbọ̀wọ́. Mo ní kó wọlé ná, ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré. Mo pè é títí. Ọwọ́ mi gan-an, mi ò rí i níta yẹn.

DAGNY: Ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ. Èmi ni mo ní kó lọ. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀…

MYRTLE: Dagny.

DAGNY: Àǹtí Myrtle, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìsinsìnyí.

MYRTLE: Wọ́n ti ń tì í, ọmọ mi. Wọ́n ń jí èédú ibẹ̀. Pásítọ̀ ti fi àgádágodo sí i.



DAGNY: Okùn yẹn ńkọ́?

ROURKE: Ẹ ní kí n tú u.

DAGNY: Ṣé ẹ tú u?

ROURKE: Mo tú ìdí rẹ̀ lọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ọ̀dọ̀ wa ṣì wà lára òpó. Mo ti so ìyókù mọ́ ìbàdí. Odile, gba fóònù.

15.

ODILE: Ó ti jáde. Okùn ń gba ọwọ́ mi lọ. Bó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, òfo ni, ó ń padà bọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rí i.

DAGNY: Mi ò gbọ́ ohùn yín rí.

ODILE: Etí mi kan ti di. Láàárín èrò, mi kì í mọ̀ pé wọ́n kí mi.

DAGNY: Bàtà búlúù yẹn, ta ló ni ín?

ODILE: Maren. Ilẹ̀ ilé wa tutù.

(Myrtle ń fọn imú.)

DAGNY: Okùn ńkọ́?

ODILE: Ó ń lọ.

DAGNY: Ní báyìí ńkọ́?

ODILE: Ó dúró.

DAGNY: Ó dúró báwo?

ODILE: Ó kàn dúró.

16.

Nínú ilé oko, Dagny ti fi wáyà fóònù wé ọwọ́ títí ìka rẹ̀ fi funfun. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

17.

ODILE: Ó fà á!

DAGNY: Ẹ̀ẹ̀mélòó?

ODILE: Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ dúró, ẹ dúró

————————————————————————