Àwọ̀ Ọrùn Àdàbà Lórí Omi

Ó ti rẹ Marhatun. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Èyí ti wọ egungun, ó sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wo ìsàlẹ̀ òkun bó ṣe ń kọjá: iyanrìn, iyanrìn, iyanrìn ṣáá. Ẹja irin kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn gígùn so, tí wọ́n ń wọ́ kiri nínú omi. Iṣẹ́ ẹja yìí ni kó máa pariwo sí ìsàlẹ̀ òkun, kó sì máa fi àwòrán ohun tó bá dá a lóhùn ránṣẹ́ sókè. Wọ́n á lọ títí, wọ́n á yí, wọ́n á tún gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gbà lọ padà bọ̀, bí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Àmọ́ àgbẹ̀ a máa rí nǹkan gbìn sórí ebè tó kọ.

Ratna Samudra ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wá. Láti Surabaya títí dé Makassar, kò sí èbúté tí wọn kò ti mọ orúkọ rẹ̀. Òru ọjọ́ kan nínú oṣù ààwẹ̀ ni ìjì gbé e mì, tòun ti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò sì yọ. Bí wọ́n bá rán ọmọ níṣẹ́ tó pẹ́, wọ́n á ní ó ti bá Ratna lọ. Àwọn ará ìlú ńlá ti wá a, wọ́n sì ti padà sílé. Àwọn ará òkèèrè dé tẹ̀rọtẹ̀rọ, àwọn náà padà sílé. Marhatun, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi fún ìjọba, ti jáde wá a lẹ́ẹ̀mejì, òfo ló mú bọ̀. Ìkẹta nìyí, òun náà ni ìkẹyìn. Lọ́la ni wọ́n gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ padà, ọdún yìí náà ni Marhatun yóò fẹ̀yìn tì.

Bàbá tó bí i wà nínú Ratna Samudra. Ìdí ẹ́ńjìnnì ló ti ń ṣiṣẹ́. Inú ìyá rẹ̀ ni Marhatun ṣì wà nígbà náà, kò mọ̀ ọ́n rí.

Àṣà wọn ní erékùṣù Sapudi ni pé ẹni tí omi bá gbé lọ, orí ibi tó sùn sí ni wọ́n ń da òdòdó sí, tí wọ́n á sì ṣàdúà fún un. Nígbà tí ẹnì kan kò mọ ibi tí Ratna sùn sí, àwọn opó yòókù da tiwọn síbi tó bá ṣáà wù wọ́n. Busiyeh, ìyá Marhatun, kọ̀ jálẹ̀.

"Èmi kì í kí ẹni tí kò sí nílé," ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

Gbogbo ìgbà tí Marhatun bá ti ń jáde lọ sójú òkun ni ìyá rẹ̀ ń já òdòdó kún agbọ̀n fún un, funfun àti pupa, a sì rẹ́ ewé olóòórùn dídùn wẹ́wẹ́ sí i, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó. Gbogbo ìgbà náà ni òdòdó ń rọ lójú omi, tí Marhatun á sì lọ dà á nù ní èbúté kó tó délé, kí ìyá má baà rí i. Ní báyìí, ara ìyá kò yá. Omi ìrẹsì ló kù tó ń gbé mì. Lọ́jọ́ tí Marhatun ń bọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ṣe kíá, Tun. Mi ò fẹ́ dé ọ̀run kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ọ̀nà."

Agbọ̀n náà wà nínú yàrá yìnyín báyìí, láàárín ẹja àti ẹ̀fọ́. Etí òdòdó ti ń dúdú.

Matrawi, ọ̀gá atukọ̀, gbé ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ wọlé. Ọmọ erékùṣù kan náà lòun náà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ fi tẹlifíṣọ̀n yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ jẹun. Iyanrìn ò ní sá lọ."

"Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ì bá sá lọ."

"Tó bá jẹ́ èmi ni Ratna, tí mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń wá mi yìí, mo ti jáde tipẹ́. Ojú á tì mí." Ó gbé àwo kalẹ̀. "Ṣé ọ̀rọ̀ Bàbá Lèmọ́mù náà la ṣì ń tẹ̀ lé?"

"Èwo ló tún kù?"

Bàbá Lèmọ́mù ni Durahem, apẹja tó kọ́kọ́ rí òróró ọkọ̀ náà lójú omi. Òun ló gbé ìròyìn wá bá Busiyeh. Nígbà tí Marhatun ń kọ́ ìrìn, òun ló fẹ́ Busiyeh, tó sì tọ́ ọmọ náà bí ẹni pé òun ló bí i. Òun ló gbé e lé èjìká lọ sílé ìwé. Nígbà tí àgbà dé, wọ́n fi í jẹ Lèmọ́mù abúlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó wá Ratna gbára lé, nítorí kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn, kò sì yí ọ̀rọ̀ náà padà rí. Marhatun mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ Fátíhà:

"Mo wà ní Àpáta Perreng. Àsìkò sààrì ni. Mo ta ìgbòkun, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé mi lọ, mi ò fọwọ́ kan àjẹ̀. Mo tan sìgá kan. Nígbà tó tán, mo tan èkejì. Èkejì ṣì wà lẹ́nu mi tí mo fi rí òróró tó ń ru bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó tàn sórí omi bí ọrùn àdàbà."

Sìgá oníkànáfùrù tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń mu ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà: ibi tí ọkọ̀ bá rìn dé kí ọ̀kan tó jó tán. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ àsìkò sààrì, kí ojúmọ́ tó mọ́, láti orí ilẹ̀ Sapudi ní gúúsù ló ti ń fẹ́, ojú agbami lápá àríwá ló ń gbé ọkọ̀ lọ. Àríwá Àpáta Perreng ni wọ́n ti ń wá Ratna láti ìgbà náà, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Wọ́n bẹ Durahem títí kó bá wọn lọ júwe ibẹ̀. Ó ní ojú òun kò fẹ́ rí i mọ́. Láti ọjọ́ yẹn náà ni kò ti fi sìgá kan ẹnu mọ́, àwọn èèyàn sì ń yìn ín pé ọ̀fọ̀ ló fi ń ṣe.

Ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn kò tíì mọ́ nígbà tí Marhatun jáde síta. Ó fara ti irin etí ọkọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fa omi ìdọ̀tí ẹ́ńjìnnì dà sókun, ó rí i bó ṣe ń tàn lọ lẹ́yìn ọkọ̀. Òróró wà nínú rẹ̀, àmọ́ dúdú ni, dúdú lórí dúdú. Ó dúró síbẹ̀, kò ro nǹkan kan, nítorí ó ti rò ó tán. Oòrùn yọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó dúdú lẹ́ẹ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀: búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, wọ́n ń wọnú ara wọn.

"Bí ọrùn àdàbà," ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ó tún un sọ. Àwọ̀ kì í hàn lójú òkùnkùn. Oòrùn wà lókè nígbà tí Durahem rí òróró yẹn. Sìgá sì wà lẹ́nu rẹ̀. Oṣù ààwẹ̀ sì ni.

Ó wọlé, ó pe fóònù ilé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, Tun. Ìyá ẹ mu omi ìrẹsì díẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i?"

"Rárá o. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn ni."

"Ìtàn wo? Èyí tó o mọ̀ jù mí lọ?"

"Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́."

Bàbá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀. Àpáta Perreng, sààrì, ìgbòkun, sìgá kan, sìgá kejì, òróró.

"Báwo ni òróró yẹn ṣe rí gan-an, Bàbá?"

"Bí ọrùn àdàbà. Búlúù wà níbẹ̀, pupa wà níbẹ̀, ó ń yí bí ọkọ̀ ṣe ń..."

Marhatun gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó gbọ́ àkùkọ nínú àgbàlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí yóò bi í, kò sì bi í. Ẹni tó gbé èèyàn lé èjìká lọ sílé ìwé, èèyàn kì í bọ́ aṣọ lára rẹ̀ lójú ọjà.

"Bàbá, àbí afẹ́fẹ́ lè ti yí padà lọ́jọ́ yẹn? Kó jẹ́ pé láti ojú òkun ló ti ń fẹ́, bíi tọ̀sán?"

"Tun, epo tó kù nínú ọkọ̀ yín, ṣé ó lè gbé e yín dé gúúsù àpáta yẹn?"

"Ó lè gbé wa débẹ̀, sà."

"Ẹ máa lọ," ó wí, ó sì pa fóònù.

Marhatun gòkè lọ bá Matrawi. "Yí i padà. Gúúsù là ń lọ."

"Gúúsù kẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé wa?"

"Ẹ̀yìnkùlé wa."

"Nítorí kí ni?"

"Àríwá ti sú mi."

Matrawi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tá a ti kúrò nílé, ọ̀rọ̀ gidi tí mo máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyí."

Iyanrìn ni wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀ náà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, iyanrìn ṣáá. Oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí nǹkan dúdú gígùn kan wọ ojú tẹlifíṣọ̀n, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, òjìji rẹ̀ nà lọ lórí iyanrìn, ọ̀pá èéfín rẹ̀ ti kán. Àwọn òṣìṣẹ́ ń lu ara wọn lẹ́yìn. Marhatun kò pariwo. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tó jáde síta, ó rí òrùlé mọ́ṣáláṣí abúlé wọn lókèèrè, ó rí àwọn igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ìyá yẹn ń dáná, iwájú ojú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ sùn sí.

Inú wá bí i. Inú bí i sí Durahem. Nítorí sìgá méjì. Nítorí kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò lè gba ààwẹ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ràn bàbá náà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó wọ yàrá yìnyín lọ, ó gbé agbọ̀n òdòdó síta. Ó ti jẹrà.

Ọkọ̀ kékeré Matrawi ni wọ́n fi gbé ìyá débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi aṣọ tó nípọn wé e, òdòdó tútù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Matrawi béèrè ohun tó darí wọn sí gúúsù, Marhatun ní òun ṣi afẹ́fẹ́ kà tẹ́lẹ̀ ni, ẹ̀bi òun ni. Durahem, tó jókòó ti ìyá, gbọ́. Kò gbójú sókè. Ó ṣe àdúà bíi Lèmọ́mù, ohùn rẹ̀ já láàárín, ó tún un mú. Ìyá ki ọwọ́ bọ agbọ̀n, ó ń da òdòdó sómi ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹnì kan kò sì fi etí sí i.

Nígbà tí agbọ̀n ṣófo, ó yí sí Durahem.

"Bàbá Tun, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá sọ fún mi, kànáfùrù inú sìgá ló ń rùn lẹ́nu yín. Oòrùn ò sì tíì wọ̀."

Durahem gbójú sókè.

"Mo mọ̀ látọjọ́ yẹn. Mo ní ta ni mí tí màá fi dójú ti ẹni tó ru irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá bá mi? Mo bò ó fún yín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà ilé ẹni tó sùn síhìn-ín yìí ni mò ń bò."

"Busiyeh," Durahem wí, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Dárí jì mí."

Ìyá tú etí aṣọ rẹ̀. Sìgá oníkànáfùrù kan ló wà níbẹ̀, àti ìṣáná. Ó nà án sí i.

"Ẹ mu ún. Ààwẹ̀ ti tán."

Durahem gbà á. Ó ṣá iná, afẹ́fẹ́ òkun pa á. Ó tún ṣá a, ó tún kú. Marhatun jókòó síbi tó wà, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo iná náà títí tí sìgá fi ràn.